Leah Kò Lè Dúró Kọrin

Bí wọ́n bá ní kí Leah Ikúmápàyí jókòó jẹ́jẹ́, kí wọ́n fi gbogbo Bàrígà ta á lọ́rẹ, kò ní gba Bàrígà. Ọmọ apẹja Ìlàjẹ ni. Bó bá ń yan ẹja, á máa yí ààrò po bí ẹni pé ààrò náà fẹ́ sá lọ. Ibi tí wọ́n ti ń fa àwọ̀n ló ti kọ́ orin, níbi tí ọwọ́ kì í ti í dúró kí ẹnu tó ṣí.

Orin yìí ló gbé e dé sitúdíò Adégbénró ní Fọlá Àgòrò. Adégbénró ń fi ohùn Yorùbá sí fíìmù olórin àtijọ́ kan, èyí tí wọ́n yà nílẹ̀ Faransé nígbà tí sójà Jámánì gba ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́. Nínú rẹ̀, obìnrin kan ń kọrin níwájú àwọn tó mú ọkọ rẹ̀ lọ, kò mira. Leah fẹ́ kí ohùn obìnrin yẹn jẹ́ tòun débi pé oúnjẹ kò wù ú jẹ. Bí kò bá rí i ṣe lónìí, Munirat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fara ti ògiri, ló kàn.

Orin bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ Leah náà bẹ̀rẹ̀. Ohùn ń lọ, ohùn ń bọ̀, bí ẹni tó ń kọrin lórí jáńgílófà.

“Leah, dúró síwájú maiki!”

“Mo dúró, ọ̀gá.”

“Ẹnu ọ̀nà lo wà!”

Ó wá dúró lóòótọ́, àmọ́ ohùn náà kú fin-ín. Adégbénró bojú wo Munirat.

Munirat bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ yìí ṣá! Kò sẹ́ja nínú maiki o.” Ó tú ìborùn rẹ̀, ó ju etí kan sí Leah, ó di etí kejì mú. “Ó yá, fà á. Èmi lẹja.”

“Ẹja tó sanra báyìí?” Leah sì fà á.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lójú kan mọ́. Bó bá gbé e, Munirat á fà á ṣubú. Ohùn náà wá ń gòkè láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó wúwo bí àwọ̀n tó kún. Obìnrin inú fíìmù la ẹnu, Leah ló jáde níbẹ̀. Munirat gbàgbé yẹ̀yẹ́ tó ń ṣe, ó ń fà padà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Leah, ìwọ la mú,” ni Adégbénró wí. “Munirat, má bínú.”

“Mo ti bínú tán, ọ̀gá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.”

“Ó ku orin kejì. Orí àga lobìnrin náà ti kọ ìyẹn.”

Leah jókòó. Ó dìde. Ó tún jókòó.

“Munirat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,” ó ní, “jọ̀ọ́, wá jókòó lé mi lẹ́sẹ̀.”