Ọjọ́ Tí Ìyá Àpòmù Fọ Ẹ̀wù Sìmẹ́ńtì Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré dé ibi tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé mi kọjá odò, ẹ̀yìn mi kò tọ́. Mi ò mọ̀. Ta ní í rí ẹ̀yìn ara rẹ̀? Bàbá mi ló kọ́kọ́ rí i, aṣọ ló sì fi rí i. Télọ̀ ni bàbá mi, ní Ìkirè níbí. Ó rán aṣọ iléèwé fún mi, ó wọ̀ ọ́ fún mi, etí rẹ̀ lápá kan gun òkè, èkejì sọ̀ kalẹ̀. Ó tú u, ó tún un rán. Bákan náà. Ó bú máṣíìnì, ó bú ẹni tó ta aṣọ fún un. Nígbà tó yá, ó bọ́ ẹ̀wù náà kúrò lọ́rùn mi, ó ní kí n kẹ̀yìn sí òun. Ó na téèpù láti ọrùn mi sísàlẹ̀. Eegun ẹ̀yìn mi ò bá téèpù lọ. Ó yà sápá òsì, ó tún ṣẹ́rí sápá ọ̀tún, bí odò tó ń wá ọ̀nà.

"Aṣọ kọ́ ló wọ́," ló sọ fún ìyá mi. "Ọmọ ló wọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìkirè àti Àpòmù. Ẹ má rò pé mo ń bù mọ́ ọn o. Bí mo bá tilẹ̀ bù mọ́ ọn, ìwọ̀nba ni.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ̀ pé ìyá ìyàwó ló máa ń wá wẹ̀ fún ọmọ tuntun láyé ìgbà náà. Kì í sì í ṣe ìwẹ̀ lásán. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sí i, á fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, á fi àdín ra á lára, á na ọwọ́, á na ẹsẹ̀, á gbá apá méjèèjì mú, á gbé e jù sókè, kí eegun lè tò. Nítorí náà, bí ẹ̀yìn ọmọ bá wọ́, ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ta ló wẹ̀ fún un?

Ìyá ìyá mi ló wẹ̀ fún mi. Àpòmù ló ti wá, Ìyá Àpòmù là ń pè é. Ìyá bàbá mi là ń pè ní Ìyá Ìkirè. Dòdò ló ń dín tà, dòdò tiwa yìí, èyí tó dúdú tí ata rẹ̀ ń pani lẹ́kún. Ẹnu rẹ̀ ta ju dòdò náà lọ. Lọ́jọ́ tí Ìyá Àpòmù wá kí wa, Ìyá Ìkirè kí i tán, ó wá fi kún un:

"Àna mi, ọmọ tí ẹ wẹ̀ fún ti tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ o."

"Ta lẹ ń bá wí?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ń wí."

Ìyá Àpòmù dìde. Ó gba ìborùn rẹ̀ mọ́dìí, ó wọ ọkọ̀ padà sílé láìmu omi. Obìnrin tó ti wẹ̀ fún ìdajì ọmọ Àpòmù! Bí ẹ̀yìn mi ò bá tọ́, ta ni yóò tún gbé ọmọ lé e lọ́wọ́?

Bàbá mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan n'Íbàdàn. Dókítà òyìnbó ibẹ̀ tẹ ẹ̀yìn mi síhìn-ín sọ́hùn-ún, nọ́ọ̀sì sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé bí wọn ò bá tètè nà án kí wọ́n sì dè é, yóò máa wọ́ lọ títí n ó fi di abuké, èémí á sì máa hán mi. Wọ́n tẹ́ mi sórí irin kan tí kò ní nǹkan láàárín ju ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n fi awọ kọ́ àgbọ̀n mi, wọ́n fa orí mi lọ síwájú. Wọ́n fi òmíràn de ìbàdí mi, wọ́n fà á sẹ́yìn. Mo gùn lọ́jọ́ náà! Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí òrùlé ilé wa ní Ìkirè. Wọ́n wá ń rẹ báńdéèjì oníyẹ̀fun sómi, wọ́n ń wé e mọ́ mi láti abẹ́ apá dé ìbàdí, dókítà ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibi tó yọ. Ó kọ́kọ́ tutù, ó wá ń gbóná bíi mọ́ínmọ́ín tó ń jinná, ó sì gan bíi sìmẹ́ńtì. Wọ́n gé ihò sí i níbi ikùn kí oúnjẹ lè ríbi wú sí. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé omi ò gbọdọ̀ kàn án.

Mo ké nígbà tí wọ́n ń wé e, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Ìkirè, mo di ọba. Ọmọ tó bá fẹ́ kan ẹ̀yìn mi bí ilẹ̀kùn, á kọ́kọ́ fún mi ní dòdò. Tíṣà nà mí, pàṣán rẹ̀ dá, òun ló sì ń fọnmú. Òbúkọ aládùúgbò wa kàn mí láti ẹ̀yìn. Èmi ò mira. Òbúkọ náà jókòó sílẹ̀ bí èèyàn, ó ń wojú mi, láti ọjọ́ náà, bó bá rí mi lókèèrè, á yà. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹni tó rí i kú ni, kì í ṣe pé kò sí.

Ìròyìn dé Àpòmù pé wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dì mí. Lójú Ìyá Àpòmù, wọ́n ti sé iṣẹ́ ọwọ́ òun mọ́ inú ògiri, òun ò ní ráyè tún un ṣe mọ́ nìyẹn. Ó bá dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, tòun ti kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú àti ìgò àdín. Bàbá mi wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá mi lọ sóko, Ìyá Ìkirè ń dín dòdò lẹ́yìnkùlé.

"Ọkọ mi, sún mọ́ bí. Ta ló wọ ẹ̀wù tí kò ní bọ́tìnnì fún ọ?"

"Dókítà ni, Ìyá. Wọ́n ní omi ò gbọdọ̀ kàn án."

"Ọmọ tí kì í wẹ̀! Ṣé ẹja gbígbẹ ni ọ́?"

Bí mo ṣe tó yẹn, ó tẹ́ mi sórí ẹsẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ó da omi gbígbóná lé mi, ó fi kànìnkànìn gbo ó, ó da àdín sí i lọ́rùn, ó tún da omi. Sìmẹ́ńtì ń rọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ṣé o rí i? Ó ti ń gbọ́!" Nígbà tó yá, ó ń ya bọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀kọ. Ìyá Ìkirè yọ sí wa tòun ti ṣíbí ìdíndòdò lọ́wọ́.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Ọmọ mi ń yọ́!"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń tò!"

"Ẹ tún ń tò ó? Ibi tí ẹ tò ó sí níjọ́sí là ń sá kúrò!"

Ìyá Àpòmù ò gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé ẹ̀yìn mi lábẹ́ ẹ̀kọ yẹn, ó sì ti kan ibi tó ṣẹ́rí. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ lọ, ó fi tọ̀ ọ́ bọ̀. Ojú rẹ̀ wálẹ̀.

Bàbá mi dé, ó wo ilẹ̀. Àna ẹni kò ṣeé bú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú omi ọṣẹ. Ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ múra, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún dókítà."

N'Íbàdàn, dókítà mú ìyókù ẹ̀wù náà, ó gbóòórùn àdín, ó wo Ìyá Àpòmù. Nọ́ọ̀sì túmọ̀ pé dókítà ní òun á tún un ṣe, ṣùgbọ́n bí omi bá tún kàn án, kí wọ́n má gbé mi wá mọ́. Nítorí pé mo ń ta ẹsẹ̀, wọ́n ní kí Ìyá Àpòmù wọlé wá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n fa orí, wọ́n fa ìbàdí.

"Ẹ dúró ná," Ìyá Àpòmù ní. "Ẹ̀yin náà ń na ọmọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," nọ́ọ̀sì dáhùn.

"Ẹ tún ń fi ọwọ́ tẹ ibi tó yọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní, "Tèmi, mo máa ń nà án, n ó sì fi í sílẹ̀. Tiyín, ẹ nà án tán, ẹ wá tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ tì í dáadáa!"

Kò padà sí Àpòmù mọ́. Òun àti Ìyá Ìkirè ló jọ ń ṣọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ kòkó tí wọ́n sá. Bí òjò bá ṣú ní Ìkirè-Ilé, ìlú mìíràn lọ́hùn-ún, wọ́n á ti gbá mi wọlé. Rírẹ ni wọ́n ń rẹ aṣọ sómi nu ojú, apá àti ẹsẹ̀ mi. Mo rùn dé ibi tí eṣinṣin fi ń gba ọ̀nà ibòmíràn.

Ọjọ́ tí wọ́n gé e kúrò, ara mi ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Dókítà ní ó kù díẹ̀, òun á tún wé òmíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà ti gbọ́ràn, kò ní di iké. Ìyá Àpòmù ò dá ara rẹ̀ lójú, ó fi ìka tọ̀ ọ́ lọ, ó fi tọ̀ ọ́ bọ̀, ó mí kanlẹ̀. Ìyá Ìkirè ń wò ó. Lójú gbogbo nọ́ọ̀sì, ó ní:

"Àna mi, ọmọbìnrin mi ti bímọ sí Gbọ̀ngán. Èmi ló yẹ kó wẹ̀ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́."

Ayé ti yí padà. Ẹ̀wù tí wọ́n ń dè mọ́ ọmọ lóde òní fúyẹ́, wọ́n ní òmíràn tilẹ̀ ṣeé bọ́. Àwọn ìyá ọ̀dọ́ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju ọmọ àwọn sókè, inú fóònù ni wọ́n ti ń kọ́ ìwẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Dókítà náà sọ fún bàbá mi pé ìwẹ̀ kọ́ ló wọ́ ẹ̀yìn mi, ó kàn wá bẹ́ẹ̀ ni. Ó dára kí èèyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn ọmọ bá wọ́ lónìí, ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń jókòó tì í ní ilé ìwòsàn. Tèmi, ìlú méjì ló jà lé e lórí, ìlú méjì ló sì nà án títí ó fi tọ́.