Fìlà Akọ̀wé Kóòtù

Ní Ṣakí tí mo dàgbà sí, akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ kan wà tí kì í dáhùn ìbéèrè láì kọ́kọ́ ṣí fìlà, kó gbé e lé orúnkún.

Nígbà tí bàbá àti ìyá mi kọ ara wọn sílẹ̀, adájọ́ ní kí n máa gbé lọ́dọ̀ ìyá mi, kí bàbá mi máa gbé oúnjẹ mi wá. Bàbá mi gbé iṣu wá sí kóòtù, ìyá mi kọ̀ ọ́.

"Ẹni tó ń bọ́ ọmọ ló lọmọ. Bí mo bá gbà á, ṣé kò ní wá mú un lọ?"

Akọ̀wé ṣí fìlà. "Ìyá Ràfátù, ọ̀tọ̀ loúnjẹ ọmọ, ọ̀tọ̀ lẹni tọ́mọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀."

Èmi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi, kò yé mi dòní.

Lọ́dún kejì, akọ̀wé gbé iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wá sílé wa. Ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó ti kó àwọn ọmọ lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, níbi tí ìyá mi ti ń ná ọjà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e fún ìyá àwọn ọmọ mi. Ẹ má sọ pé èmi ni o, kò ní gbà á."

"Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ fún mi ńkọ́? Ẹ ò sọ ọ́ fún un ni?"

Ó jókòó, ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. A retí, a retí. Nígbà tó yá, ó dé fìlà rẹ̀ padà.