Sáfà Tó Ń Dúró fún Ìrun Aláàsárì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ndokoti, wọ́n tan ògbólógbòó ẹ̀rọ kan, fáànù inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó ń wúkọ́ bí arúgbó. Ó yẹ kí inú mi dùn tàbí kó bàjẹ́. Kò ṣe ọ̀kankan. Mo kàn dúró, mo sì rí ara mi ní New Bell, àdúgbò tí mo dàgbà sí nílẹ̀ àwọn elédè Faransé, nínú sáíbà Bọ̀dá Múrí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí fóònù wà lápò yín, ẹ ò lè mọ ohun tí sáíbà jẹ́ fún wa. Yàrá kan ni, ó gbóná bí ilé búrẹ́dì, okùn so gbogbo kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ àgbà kan tí à ń pè ní sáfà. Òun ló ń darí géèmù ìbọn tí gbogbo wa jọ ń gbá. Ọmọ àwọn Yorùbá oníbàtà àti aláṣọ ló pọ̀ jù nínú wa, Faransé la ń sọ níléèwé, Yorùbá wa sì ń kọsẹ̀ tí a bá délé.

Àwọn bàbá wa gbà kí sáíbà náà wà, àmọ́ wọ́n ní tí ìrun Aláàsárì bá tó, géèmù gbọ́dọ̀ dúró, kí gbogbo wa sọdá sí mọ́sálásí. Lásísì ọ̀rẹ́ mi ló kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, tó ń dá a dúró. Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tó dà bí idán lójú wa: ó ń sọ fún sáfà pé kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀dá fáìlì ètò, kó kọ àkókò ìrun sínú rẹ̀, kó sì máa wo ibẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá tan án. Lásísì tún ní kó kọ àlàyé sókè rẹ̀: "Àkókò Aláàsárì nìyí. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, á rí mi." A rẹ́rìn-ín títí.

Láti ìgbà náà la ò ti tẹ́tí sí ládánì mọ́. Ẹ̀rọ ló ń sọ fún wa.

Nígbà tó yá, mọ́sálásí mú ìrun yá díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lásísì ṣí kóòdù, ó yí àkókò, ó pa sáfà, ó tún un tan. Lọ́jọ́ náà, wọ́n pe ìrun, wọ́n kí i tán, àwa ṣì ń yìnbọn. Bàbá Lásísì wọlé tàwọn ti bútà lọ́wọ́.

"Ẹ ò gbọ́ ni?"

"Bàbá, ẹ̀rọ ni ò dúró. Wàlláì, mo ti yí i!" Lásísì fi kóòdù hàn wọ́n. "Voilà, ẹ wò ó."

Bàbá wò ó. Àkókò tuntun ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

"Ẹ̀rọ mọ àkókò ìrun," wọ́n ní. "Ìwọ lo ní kó má dúró. O tún wá ń búra irọ́ níwájú mi."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti fi Lásísì ránṣẹ́ sí Ṣakí, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Mo bá a gbé báàgì dé ibi tó ti wọkọ̀. Mi ò sunkún. Ara mi kú tipiri, bí ẹnu ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín fún.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, èmi náà ń kọ kóòdù jẹun, kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni gbólóhùn yẹn ń ṣẹ̀dá fáìlì. Tí fáìlì bá ti wà, kì í fọwọ́ kàn án mọ́, àkókò àtijọ́ ni sáfà á máa kà. Inú fáìlì ló yẹ kí Lásísì ti yí i, tàbí kó pa á rẹ́ kí sáfà kọ òmíràn. Òótọ́ ló sọ. Mo dìde lórí àga nílé mi ní Japoma, mo se ìrẹsì, mo jẹun.

Lónìí, fóònù ni wọ́n ń tà níbi tí sáíbà wà. Ìpè ìrun ti wọnú àpò àwọn èèyàn, àmọ́ wọ́n ṣì ń tẹ́ ẹní sẹ́nu ìsọ̀ bíi ti àtijọ́. Mo wá nọ́ńbà Lásísì, mo sì pè é. Yorùbá rẹ̀ ti dán, tèmi ò tó o mọ́. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fáìlì náà fún un látòkèdélẹ̀.

"Bàbá ti kú," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Jọ̀ọ́, tún un sọ. Mo ti wá ń rò ó pé bóyá irọ́ ni mo pa lóòótọ́."

Mo tún un sọ.