Iṣu Màsífà

Òórùn kókò tí mo ń sè gba gbogbo ilé lónìí, nítorí iṣu ti wọ́n kọjá agbára mi. Ó gbé mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan ní Èjìgbò wa, níbi tí àdúgbò ti máa ń mọ̀ bí odó ilé kan bá dákẹ́.

Màámi ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, òógùn ń kán sílẹ̀ lágbọ̀n wọn. Iyán náà dúdú díẹ̀, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́.

"Màámi, kí ló dé tí kò funfun?"

"Iṣu Màsífà ni. Gbé e mì."

Inú mi dùn. Mo bu òkèlè kan, mo sáré gbé e lọ fún ìyá àgbà tó ń gbé ọ̀ọ́kán wa, tí oko iṣu wọn wà ní Màsífà.

"Ìyá, ẹ tọ́ iṣu ìlú yín wò!"

Mo gbọ́ tí odó màámi dákẹ́ lẹ́yìnkùlé wa.

Ìyá jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ìka, wọ́n wá ké kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: "Oko tèmi gan-an ni wọ́n ti wa iṣu yìí!"

Ìgbà tí èmi náà ń ra oúnjẹ sílé ni mo tó mọ̀ pé kókò la jẹ lọ́jọ́ náà, àti pé Ìyá ti mọ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ wò.

Kókò tèmi ti jinná, ó ti wà nínú odó báyìí, ọmọ mi sì yọjú wò ó. "Màmá, kí ló dé tí kò funfun?"

Mo gbé ọmọ odó sókè. "Iṣu Màsífà ni."