Ibà Tó Bá Mi Nínú Opó

Oòrùn ọ̀sán ń ta lórí páànù, èmi sì ń gbọ̀n rìrì. Mo fi aṣọ mẹ́ta bora, òtútù ò lọ. Oyún oṣù méje wà nínú mi, a ò sì tíì ṣàdúà ogójì ọjọ́ ọkọ mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí ọmọ yẹn nìkan ló fi sílẹ̀ fún mi.

Mo mọ ibi tí àìsàn náà gbà wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àwọn wolé-wolé wá fín oògùn ẹ̀fọn sára ògiri ní abúlé wa, lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà. Tẹrù-tènìyàn ló gbọ́dọ̀ jáde. Ìyá ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. “Opó kì í jáde kí ọkùnrin máa wò ó. Ẹ fo yàrá yìí.” Èmi náà gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, kí ará ilé má baà ní mo ti gbàgbé ọkọ mi. Òmùgọ̀ ni mí! Ọ̀gá wolé-wolé bẹ̀ wá títí ó fi sú u.

Ibà náà ń lọ, ó ń bọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ ò mira mọ́. Mo tẹ ikùn títí, jẹ́ẹ́.

“Ìyá, ọmọ yìí ò mira mọ́ o!”

Mo rò pé wọ́n á tún dá ọ̀rọ̀ opó sílẹ̀. Wọ́n ṣí ìborùn orí wọn, wọ́n fi bò mí. “Ọmọ mi ti lọ. N ò ní jókòó kí èyí náà lọ. Dìde!”

Ní ọsibítù, orí bẹ́ǹṣì la wà títí ìrun Àsárì fi kọjá. Nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lára mi. Ó ṣàlàyé pé kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń gún síni lára máa ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó sì ń fara pamọ́ sínú ibi ọmọ, kì í jẹ́ kí ọmọ rí oúnjẹ tó. Ó wá gbé ohun oníhò kan lé ikùn mi, ó fetí sí i. Ó pẹ́.

“Ó wà láàyè.”

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Ìyá jókòó sí. Abẹ́rẹ́ àti oògùn kíkorò ni wọ́n fún mi. Ó mú kí ara máa yún mi bíi wèrèpè, ṣùgbọ́n ibà lọ. Ọmọ tún tàpá.

Oṣù kẹjọ oyún ni mo bí i, tín-ín-tín, àmọ́ igbe rẹ̀ dé ìta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi tí mo fi ìtìjú dá lóró tí ò sì já èmi àti ọmọ mi kulẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyàwó ilé kan ní òun ò rí irú opó tó ń jáde rí. Ìyá gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, wọn ò wo obìnrin náà lójú.

“Èmi ni mo bí ẹni tó kú. Èmi náà ni mo ní kó jáde.”