Sàráà Màsúdát fún Ẹni Tí Kò Kú

Irọ́ kò yẹ ọmọlúàbí, ẹ jẹ́ á tètè sọ ìyẹn ná. Ṣùgbọ́n irọ́ tí Màsúdát pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé kò tiẹ̀ dùn. Ọmọ Pàkátà ní Ìlọrin ni, ó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì kan ní Málété. Ìwé tí Dókítà Olúyẹmí, olùkọ́ rẹ̀, ní kó kà ni ìtàn obìnrin Júù kan, tí obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, nípa bí àwọn Násì ṣe kó òun àti ẹbí rẹ̀ lọ sí àgọ́ ìpànìyàn nígbà ogun Hítílà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Màsúdát á kọ ohun tí ìwé náà ṣe lọ́kàn rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní jọ́nà.

Kí ni Màsúdát ń kọ? Ọ̀sẹ̀ kìíní: "Omijé bọ́ lójú mi." Ọ̀sẹ̀ kejì: "Omijé tún bọ́ lójú mi." Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní òun sunkún títí ìrọ̀rí òun fi rin gbingbin. Irọ́ funfun báláú! Ojú ìwé ogójì péré ló kà dé, fíìmù orí fóònù ló ń wò.

Olùkọ́ náà kì í ṣe ọmọ àná. Ó kọ ọ́ sábẹ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ karùn-ún pé: "Màsúdát, ẹkún yìí ti pọ̀ jù, mi ò rí ìwọ alára níbẹ̀. Bí o kò bá kọ òótọ́ kan ṣoṣo wá lọ́jọ́ Ajé, wàá tún kọ́ọ̀sì yìí ṣe lọ́dún tó ń bọ̀." Háà! Lọ́dún tó ń bọ̀ kẹ̀? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ àgbà ti rán aṣọ ìgboyè rẹ̀ sílẹ̀? Lọ́jọ́ Jímọ̀ ló wọkọ̀ láti Málété wálé, ó há ìwé náà sábíyá.

Ìyá Àgbà, Àlájà Hàjàrá, ń ṣa òkúta inú ìrẹsì nígbà tó wọlé.

"Màsúdát, kí ló dé? Ojú ẹ fàro."

"Ìwé kan ni, Ìyá Àgbà. Obìnrin kan ni wọ́n kó lọ nígbà ogun Hítílà, tòun ti àbúrò rẹ̀ obìnrin."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?"

Màsúdát rántí gbólóhùn tó kẹ́yìn lójú ìwé ogójì, níbi tí wọ́n ti ya tẹ̀gbọ́n tàbúrò sọ́tọ̀: *Ọjọ́ yẹn ni mo kú.* Ó ní, "Ó kú ni, Ìyá Àgbà."

"Ìnná lílláhì! Ṣé wọ́n ṣe sàráà fún un?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, mà."

"Ẹ ń fi ọ̀rọ̀ òkú gba máàkì ní Málété, ẹ ò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan jẹ lórúkọ rẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ yìí ò mà lójútì o!" Ló bá da ìrẹsì sínú omi.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Sátidé, wàìnà sàráà, ìyẹn àkàrà onírẹsì, ti kún agbọ̀n, àdúgbò sì ti gbọ́ pé ọ̀rẹ́ Màsúdát kan kú nílùú òyìnbó. Ìyá Nabeelah ti ilé kejì sunkún wọlé. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé òun ló fẹ́ bá ẹ ṣe físà?" Bàṣírù télọ̀ bi í pé ìgbà wo ni olóògbé kú. Màsúdát ní ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rin ọdún. Bàṣírù wò ó láti òkè délẹ̀, ó mú wàìnà kan sí i.

Àfáà Abdulraheem tẹ́wọ́ àdúà. "Orúkọ olóògbé?"

Màsúdát yẹ ẹ̀yìn ìwé wò. "Rèbékà, sà."

"Ta ló wá kọ ìwé náà?"

"Òun náà ni."

"Lẹ́yìn tó kú?"

Àfáà gba ìwé náà, ó ṣí i dé ìparí. Àwòrán ìyá arúgbó kan ló wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yí i ká. Àfáà ní, "Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣàdúà fún òkú. Mi ò tíì rí èyí tó kọ̀wé."

Wàìnà há Bàṣírù lọ́nà ọ̀fun níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Nabeelah pariwo pé ẹkún òun ti ṣòfò. Màsúdát wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu, kò rí. Ìyá Àgbà nìkan ni kò mì. "Ẹ̀rín kí lẹ ń rín? Àfáà, ẹ yí àdúà padà sí ọpẹ́. Alhamdulillahi, obìnrin náà bọ́!" Wọ́n ṣe àmín, ẹ̀rín tún sọ.

Ìyá Àgbà wá ní, "Àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Kí lorúkọ ọmọ yẹn?"

Màsúdát kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi ń sunkún ọmọ náà lórí ìwé, kò mọ orúkọ rẹ̀! Ojú tì í. Ó ṣí ojú ìwé kọkànlélógójì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sí Yorùbá fún gbogbo wọn. Okùn bàtà ọmọ náà já. Ó di bàtà kan mọ́wọ́, ó tò sẹ́yìn àwọn arúgbó bí àwọn Násì ṣe ní kó ṣe. Kò padà wá mọ́. Míríámù ni. Ọmọ ọdún méje. Màsúdát bú sẹ́kún, kò lè kà á lọ mọ́.

"Mariamọ ni," ni Ìyá Àgbà wí. Bàṣírù gbé wàìnà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Àgbà kọjú sí Àfáà. "Ẹ má bi mí ní ẹ̀sìn rẹ̀ o."

"Kí ni mo fẹ́ bèèrè, Àlájà? Ọmọ ọdún méje kò lẹ́ṣẹ̀." Ó tún tẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Dókítà Olúyẹmí ka iṣẹ́ Màsúdát lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jẹ́ kó yege. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ Sátidé, kò kọ ọ́ síbẹ̀ rárá. Ohun tó kọ kò ju èyí lọ: "Mo ti ń purọ́ fún yín. Mi ò mọ orúkọ ọmọ náà, ìyá mi àgbà ló bèèrè. Míríámù ni. Lọ́jọ́ Sátidé, nílé wa ní Pàkátà, èèyàn bí ogún pe orúkọ rẹ̀."