Máṣíìnì Méjì àti Orúnkún Ìyàwó Mi

Nígbà tí dókítà ṣí aṣọ tó fi bo alùpùpù ńlá rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n kí i kú àárọ̀. Ó ní àpótí kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan gbàǹgbà lẹ́yìn. Ó ní gíláàsì níwájú tí afẹ́fẹ́ kò lè kọjá, ó sì ní rédíò. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó fẹ̀, ó ní ibi ìfẹ̀yìntì àti ibi tí èèyàn lè gbọ́wọ́ lé, bí àga tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ de bíṣọ́ọ̀bù. Èkejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dorí kọ iwájú bí ẹni tó fẹ́ sáré, kò sì ní ju àpótí kékeré méjì lọ. Ìjókòó ẹ̀yìn tiẹ̀ ga, kò sì fẹ̀ ju pákó tí wọ́n fi ń gé ẹran lọ.

Dókítà yìí ti fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lókè òkun. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ní òun máa ta ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì fún mi, pé kí n mú ti ńlá lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n tún mú kékeré lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n tó pinnu. Ó ń sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni tó ń fọmọ fọ́kọ. Ó ní ti ńlá wà fún ẹni tó fẹ́ gbádùn ìrìn àjò, ti kékeré sì wà fún ẹni tó fẹ́ tètè débẹ̀. Ó bi mí pé èwo ni mí nínú méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀, ní gbogbo ọdún tó fi ní wọn, kò gun èyíkéyìí kọjá ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé epo, ṣùgbọ́n ó ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tó máa ń wọ̀ nínú oòrùn Ìlá, tí òógùn yóò sì máa ṣàn wọ inú bàtà rẹ̀.

Kì í ṣe èmi ni ìbéèrè náà dá lé lórí. Orúnkún ìyàwó mi ló dá lé.

Láti ìgbà tí mo ti mọ ìyàwó mi ni a ti jọ ń gun máṣíìnì. Máṣíìnì tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ni mo fi wá a kiri nígbà tó ń ṣe olùkọ́, a sì ti lo máṣíìnì mélòó kan gbó láti ìgbà náà. A ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ o. Ó wà lábẹ́ igi máńgòrò, à ń wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsìnkú. Ìyàwó mi ní nínú ọkọ̀, ẹrù ni òun, wọ́n kàn ń gbé òun lọ ni. Lórí máṣíìnì, ó máa ń rí oko àwọn èèyàn, ó ń gbóòórùn kòkó tí wọ́n sá, etí mi sì wà nítòsí ẹnu rẹ̀ tí n kò lè sá lọ. Ohun tí a ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé bí ìyàwó mi bá fẹ̀yìn tì, tí àwọn ọmọ sì ti lọ tán, àwa méjèèjì yóò gun máṣíìnì dé Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ àkọ́bí wa, a ó máa dúró níbi tó bá wù wá.

Ó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ lọ, làkúrègbé sì wọ orúnkún rẹ̀. Ti ọ̀tún ló burú jù. Dókítà eegun tí a lọ rí kò fi bò fún wa. Ó ní orúnkún náà yóò máa le sí i ni, pé ohunkóhun tí a bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ yẹn ṣe, kí a tètè ṣe é. Èmi náà ní èjìká òsì tí kì í gbé nǹkan wúwo mọ́ láti ìgbà tí mo ti yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Ó dùn mí pé balùwẹ̀ ni. Ó yẹ kí ọ̀mọ̀wé bí èmi lè sọ pé níbi ìjà òmìnira ni.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Ìyàwó mi lè gun máṣíìnì ńlá, ṣùgbọ́n bó bá ṣubú, èmi kò lè gbé e dìde. Èmi lè gbé kékeré dìde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyàwó mi kò lè ré kọjá ìjókòó rẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló sì ní ìmọ̀ràn. Ẹlẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ṣàlàyé fún mi títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù pé ọ̀rọ̀ ipò láwùjọ ni. Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé Ẹ̀mí ti fi han òun pé ti ńlá ni. Mo bi í bóyá Ẹ̀mí sọ ẹni tí yóò máa bá mi gbé e dìde. Ó ní mo ti tún bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ mú ti ńlá. N kò lè purọ́, mo gbádùn rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ń kọ́ni, tí kì í gbójú sókè wò mí láti ọdún yìí wá dìde, ó kan sáárá sí mi. Àwọn tó ń pè mí ní tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní pùròfẹ́sọ̀, oyè tí àwọn tó ni í fún kò tíì rántí pé ó yẹ mí. Ìyàwó mi jókòó lẹ́yìn, ó gbọ́wọ́ lé ibi ìgbọ́wọ́lé méjèèjì, ó ní òun ti di olorì. Orúnkún rẹ̀ kò dùn ún. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi, mo sì ti pinnu nínú ara mi. Kò ṣáà ní ṣubú.

Lọ́jọ́ Sátidé, a gbé e lọ sí Òkè-Ìlá lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Òjò ti rọ̀ lóru, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ti ń gbẹ. Bàbá ìyàwó mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ti ṣe olùkọ́ ìjọ rí, ilé rẹ̀ sì wà níbi tí ilẹ̀ ti ń da gẹ̀rẹ́ wálẹ̀ láti ara òkè. Ilé àtijọ́ ni, wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ ni. Pèpéle tó wà níwájú rẹ̀, bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó o. Orí rẹ̀ ló ń jókòó sí.

Bàbá yìí kò gba ìkíni àbọ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ba díẹ̀, tó fi ìka kan ilẹ̀, ó ní ìkíni òṣèlú nìyẹn. Àna rẹ̀ ni mí, àyà mi gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ dìde kí ó tó parí àdúrà. Bí a ṣe dé, ó ti dìde dúró lórí pèpéle, ó ń wò wá. Bí mo bá ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyàwó mi kalẹ̀, yóò pẹ́, nítorí orúnkún náà ń fẹ́ sùúrù, àna yóò sì wà lórí ìdúró níwájú mi láìtíì rí ìkíni gbà. N kò lè ṣe é. Mo ta sitáàńdì ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀, mo ní kí ìyàwó mi jókòó jẹ́ẹ́ ná, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gbàdúrà fún àwọn òbí mi tó ti lọ, ó bọ́ sórí àwọn ọmọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ sórí iṣẹ́ mi. Ó wá rí máṣíìnì náà dáadáa, àdúrà sì tún gùn sí i. Èmi ń ṣe àmín sínú yẹ̀pẹ̀. Ìyàwó mi ń ṣe àmín lẹ́yìn mi, mo sì gbọ́ pé àmín rẹ̀ ń yí padà, ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, bí ohùn ẹni tó rọ̀ mọ́ nǹkan. Mo rò pé àdúrà ló wọ̀ ọ́ lára. Bàbá ti dé ibi tí a kò ní rí ìṣubú. Ìyàwó mi ní àmín, sitáàńdì rì wọ ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀ tán, máṣíìnì náà sì ń lọ.

Kò yára ṣubú. Ó rọra ń dùbúlẹ̀ ni, bí àgbàlagbà tó ń wá ibi tó máa jókòó sí. Àpótí ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, òun ló sì gba ẹsẹ̀ ìyàwó mi sílẹ̀ tí kò fi rún, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ ti há sáàárín irin àti ilẹ̀. Mo dìde, mo di máṣíìnì náà mú. Èjìká òsì kọ̀. Bàbá ju ọ̀pá rẹ̀ nù, ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó di ọwọ́ máṣíìnì mú pẹ̀lú mi. Àwa méjèèjì gbìyànjú, ó gbéra díẹ̀, ó sì tún jókòó padà. Ìyàwó mi ké, igbe tí n kò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀, àní nígbà ìbímọ pàápàá. A jọ̀wọ́ rẹ̀.

“Màmá,” mo ní.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí.”

Àwọn ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti oko ló gbé máṣíìnì náà kúrò lórí rẹ̀. N kò mọ bí a ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó yọ. Ohun tí mo ń rò ní gbogbo ìgbà náà ni ọ̀nà Abẹ́òkúta, àwọn ibi tí igbó wà lọ́tùn-ún lósì, tí ẹnì kankan kì í ti oko bọ̀.

Kò kán. Ọrùn ẹsẹ̀ wú, orúnkún gbóná. A gbé e jókòó sórí pèpéle, bàbá jókòó tì í.

“O gbọ́ pé ó ń rì?” ó bi í.

“Mo gbọ́, sà. Láti ìgbà tí ẹ ti wà lórí àwọn ọmọ.”

“O ò sì sọ̀rọ̀.”

“Ẹ ń gbàdúrà, sà.”

Ìyàwó mi ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Mo ti rí i tó dá alábòójútó ẹ̀kọ́ dúró láàárín ọ̀rọ̀. Bàbá wo ilẹ̀ níbi tí sitáàńdì ti gbẹ́ ihò sí.

“Àdúrà ṣeé tún bẹ̀rẹ̀,” ó ní.

Mo dá máṣíìnì ńlá padà. Mo sọ fún ìyàwó mi pé n kò ní ra èyíkéyìí, pé ọkọ̀ wà lábẹ́ máńgòrò. Inú bí i. Ó ní ṣé nítorí pé òun ṣubú lẹ́ẹ̀kan ni mo fẹ́ tètè gbé òun sínú ọkọ̀ ìsìnkú. Ó ní kí n lọ gbé kékeré wá ká wò ó.

Mo gbé e wá. A fi àga rọ́bà ṣe àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ àga tẹ̀. A lo àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé, kò bá ìjókòó náà dọ́gba. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gòkè dé ìdajì, yóò dúró níbẹ̀, òun náà yóò dúró, yóò máa wò ó bí ẹni ń wo ọmọ aláìgbọràn. A kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà a kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló rántí pé nígbà tí òun wà ní kékeré, láti orí pèpéle ni òun ti máa ń gun kẹ̀kẹ́ bàbá òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọ takisí lọ sí Òkè-Ìlá, èmi gun máṣíìnì tẹ̀ lé e. Mo gbé e sún mọ́ pèpéle pẹ́kípẹ́kí. Ó dúró lórí pèpéle, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún bí ẹrù, ó gbé e kọjá, ó sì jókòó. Bàbá ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà, kò gbàdúrà kankan.

Mo ra kékeré. Dókítà ní òun ti mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ tètè débẹ̀ ni mí. Mo pe bíríkìlà kan, ó mọ pèpéle síwájú ilé wa ní Ìlá, ilé tí mo kọ́ pẹ̀lú fèrèsé onígíláàsì bí ti báńkì. Ẹlẹgbẹ́ mi tó mọ̀ nípa ipò láwùjọ wá wò ó, ó ní mo ń dá àṣà padà sí ipò rẹ̀, ó sì fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá. N kò sọ òtítọ́ fún un.

Ibi tí pèpéle bá wà nìkan ni a lè lọ. Kò sí ìdúró láàárín ọ̀nà, nítorí bó bá sọ̀ kalẹ̀, kò ní lè padà gùn ún. Abẹ́òkúta ti jìnnà jù fún irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Òkè-Ìlá là ń lọ, a sì ń padà. Bí a bá débẹ̀, bàbá yóò nawọ́ sí mi kí n tó sọ̀ kalẹ̀, yóò ní, “Sọ ọ́ kalẹ̀ ná.” Ó ń dúró dè wá, lórí ìdúró, kí n tó wá dọ̀bálẹ̀. N kò tíì rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé máṣíìnì sún mọ́ pèpéle wa, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, mo dì í mú. Mo gbọ́ tí bàtà ìyàwó mi ha ìjókòó, tó sì padà sílẹ̀. Ó mí. Ó tún gbé e, ó tún ha á. Mo wo iwájú, mo ń ka àwọn ewé tó wà lórí igi máńgòrò.

“Ẹ má yíjú o,” ó ní.

N kò yíjú. Mo di máṣíìnì mú, mo ń retí ìwúwo rẹ̀ lẹ́yìn mi.